Odò Kì í Ṣe Ṣáláńgá

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti owó epo mọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ nínú owó oṣù yín lójoojúmọ́, ẹ kàn ń rí i pé owó dín ni, ẹ kò rí ẹnu tí ó fi ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀gbin ni, omi tí a fi wẹ̀, tí a fi fọ aṣọ, èyí tí ó ti ilé ìgbẹ́ jáde, èyí tí ó ti ibi ìpẹran jáde.

Ẹ má tìtorí pé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni kí ẹ sáré ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á nínú ìwé yóò mu ún nínú omi.

Ẹ wo bí ìjọba wa ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ omi. Bí ó bá jẹ́ dáàmù ni wọ́n fẹ́ ṣí, ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́! Agbádá ńlá, gèlè, kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, wọ́n a ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi a tú jáde, gbogbo ènìyàn a pàtẹ́wọ́. A ní dáàmù Ùrèjé nínú Adó níbí, a ní dáàmù Èrò ní Ìkùn-Èkìtì, a ní ti Ègbè. Wọ́n ti yá owó lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti tún ti Èrò ṣe, àwa àti àwọn ọmọ wa la ó sì san án. A kò bínú sí i, omi dára. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, omi tí ẹ fi páìpù fà wọ ìlú yìí, níbo lẹ ní kí ó gbà jáde? A kò tíì rí gómìnà kan tí ó gé ríbọ́ọ̀nù ní ibi tí omi ẹ̀gbin Adó ń lọ, nítorí pé kò sí irú ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló mọ ìṣirò jù. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé àwa tí a wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó lé ní 300,000, a sì ti bí sí i, àlejò sì ti wọlé tọ̀ wá sí i láti ìgbà náà. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo garawa méjì péré lójúmọ́, tí garawa kan jẹ́ lítà 20. Lítà mílíọ̀nù 12 nìyẹn. Ẹ̀yin awakọ̀ táńkà, bí táńkà kan bá gba lítà 10,000, táńkà 1,200 nìyẹn lójoojúmọ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá gùn ní mítà 10, tí a sì tò wọ́n sójú títì, orí èyí sí ìdí tọ̀hún, ìlà wọn yóò jẹ́ kìlómítà 12. Bẹ́ẹ̀ ni omi ìdọ̀tí tí ó ń jáde nínú ìlú wa ṣe pọ̀ tó láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́, kò sì sí ìkòkò kan tí ìjọba gbé sílẹ̀ láti gbà á.

Ẹ lọ dúró lórí afárá Ajílósùn lọ́jọ́ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí ẹ wo ohun tí ó ń kọjá. Ọṣẹ, ìfun ẹran, ọ́ìlì dúdú, àpò píọ̀ wọ́tà, àti àwọn nǹkan mìíràn tí a kò ní dárúkọ torí ẹni tí ó ń jẹun lọ́wọ́. Adó wà láàárín òkè àti àpáta. Ilé Ìjọba wà lórí Òkè Àyọ̀bà, tí wọ́n ti lè rí gbogbo ìlú. Omi kì í gun òkè. Ohun tí ẹni òkè bá dà sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni ìsàlẹ̀ ni ó ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kò tán sí ẹsẹ̀ àwa tí a wà nínú ìlú, nítorí odò kì í dúró sí ojú kan. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ń pọn omi nínú odò wọ̀nyí láti fi sè, láti fi rẹ ẹ̀gẹ́, kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí wọn pé ìlú ńlá ti tọ̀ sí i. Dáàmù Ùrèjé tìkára rẹ̀, ilé ti yí i ká. Inú ilẹ̀ kan náà tí a ń sin ẹ̀gbin sí ni a ti ń fa omi mímu.

Bí ẹ bá bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń wí: onílé kọ̀ọ̀kan ni kí ó tọ́jú ẹ̀gbin rẹ̀, kí ó gbẹ́ sókàwé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́ létí ẹni tí ó ní ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì méjì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ń gbé ilé oníyàrá mẹ́wàá, ìdílé mẹ́wàá lórí ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo. Àpáta kò jìnnà nílẹ̀ Adó. Ẹni tí ó bá gbẹ́lẹ̀ yóò kan òkúta kí ó tó gbẹ́ ẹ tó bí ó ṣe fẹ́, bírìkìlà yóò ní ó tó, onílé yóò ní kí owó má pọ̀ jù, wọn á sì fi kọnkéré bò ó. Kànga wà ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kún. Nígbà náà ni ẹ ó rí onílé tí ó ń dúró de òjò òru, kí ó lè ṣí ẹnu rẹ̀ sínú gọ́tà. Gbogbo wa mọ òórùn yẹn. A kò ní sọ pé onílé bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa, ó ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé, ká ní ó fẹ́ ṣe rere, níbo ni ì bá gbé e lọ?

Ọkọ̀ tí ń fa ṣáláńgá wà, ẹ óò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ni wọ́n sì ń wà á. Mo bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì ní kí n má dárúkọ òun. Ó ní owó tí òun ń gbà kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń dìmú nígbà tí òun bá kọjá. Ọ̀gá òun kò fún òun ní ìbọ̀wọ́ rí, bàtà rọ́bà tí òun ń wọ̀, òun ni òun fi owó ara òun rà á. Mo wá bi í léèrè èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: níbo lo ń da ẹrù náà sí? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibi tí wọn kò bá ti lé mi ni.” Nígbà mìíràn inú oko ni, lẹ́yìn tí ó bá ti fún ẹnìkan lówó. Nígbà mìíràn ẹ̀bá odò ni, lóru. Wọ́n ti fi òkúta lé e rí. Ọkùnrin yìí ń gba ìlú lọ́wọ́ àrùn ní ìdí ilé kan, ìlú sì sọ ọ́ di olè ní ìdí òmíràn, torí pé kò sí ilẹ̀ kan tí ìjọba fi ọwọ́ sọ pé, “Níbí ni kí o tú u sí.”

Ta ló yẹ kí ó pèsè ilẹ̀ yẹn? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú, òfin ni. Ẹ ṣí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ẹ wo Àfikún Kẹrin tí ó ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó wà níbẹ̀ pé iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ ilé ìgbẹ́ gbogboògbò kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kíkó ẹ̀gbin àti ìgbẹ́ ìlú. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú pé àwọn ni wọ́n ni àkóso ibi ìpẹran, ọjà, àti pàákì ọkọ̀. Pàákì ọkọ̀, ẹ̀yin awakọ̀! Orúkọ ibi iṣẹ́ yín wà nínú ìwé òfin tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn alága ń sọ fún wa ni pé owó kò dé ọwọ́ àwọn, gómìnà ni ó mú un dání. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwáwí yẹn ti kú. Kí wọ́n wá òmíràn.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ ìgbẹ́ yíyà sí gbangba títí di ọdún 2025. Àṣẹ dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lójú tèmi. Ní pàákì kan tí n kò ní dárúkọ, mo dúró de èrò láti aago márùn-ún ìdájí. A já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, mo sanwó, bí mo ṣe ń san án lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Mo bèèrè ilé ìgbẹ́. Ẹni tí ó já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi na ìka sí igbó ẹ̀yìn pàákì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn kan fi dé sí ẹ̀yìn pàákì náà, wọ́n mú ọmọ tí ń bá mi pe èrò, wọ́n ní ó yàgbẹ́ sí gbangba, owó ìtanràn ni. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, a san án. Owó ìtanràn, a san án. Ilé ìgbẹ́ tí ó yẹ kí owó àkọ́kọ́ kọ́ kí owó kejì má baà wáyé, a kò rí i. Nígbà ayé wolé-wolé, ó kéré tán, wọ́n máa ń bèèrè ṣáláńgá ilé kí wọ́n tó bá onílé jà.

Obìnrin tí ó ń ta oúnjẹ ní pàákì, obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́, ìyà tiwọn ju tèmi lọ. Àwọn ni kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa tí ó ń bọ̀. Àyè wà.

Mo sọ lókè pé ó ń jẹ owó oṣù yín. Onígbáméjì wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1970, kò sì tíì padà lọ. Ní ọdún 2021 nìkan, ó pa ju ènìyàn 3,500 lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìgbẹ́ ẹni tí ó ní àrùn náà ló ń wọ inú omi ẹlòmíràn, kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀. Taifọ́ọ̀dù ń gba ọ̀nà kan náà, aràn inú ọmọdé ń gba ọ̀nà kan náà. Òṣìṣẹ́ tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, tí ó ń gba owó ojúmọ́, bí taifọ́ọ̀dù bá dè é mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́wàá náà kò sówó. Oògùn ń bẹ níbẹ̀. Bí ó bá padà dé, ó lè bá ẹlòmíràn nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń jà fún ẹ̀kúnwó tí kò sì jà fún omi ẹ̀gbin, inú agbọ̀n ni a ń pọn omi sí.

Wọn yóò sọ pé nǹkan òyìnbó ni ìtọ́jú omi ẹ̀gbin, pé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, pé kò sí iná. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ Festac Town ní Èkó fún àjọ̀dún àṣà ọdún 1977, wọ́n ri páìpù ẹ̀gbin sábẹ́ ilẹ̀ gbogbo ìlú náà, omi ilé gbogbo sì ń lọ sí ibi ìtọ́jú. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ kò jìnnà, ó dẹnu kọlẹ̀, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ sì rí ìdọ̀tí tí ó ń ru jáde láti inú ilẹ̀. Ohun tí ó bá fi ara ti iná NEPA (orúkọ ti yí padà, iná kò yí padà) àti páàtì tí ó gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wá, a kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mí wa lé e lọ́wọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò fẹ́ iná rárá. Adágún ni. Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, gbẹ́ irú adágún bẹ́ẹ̀ fún ìgbẹ́ ọgbà rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ àjèjì. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Adágún àkọ́kọ́ jìn ní mítà mẹ́ta sí márùn-ún. Ohun tí ó wúwo á rì sísàlẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tí wọn kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. Omi á ṣàn bọ́ sínú èkejì, tí kò jìn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Oòrùn á ràn wọ inú rẹ̀, ewédò tín-ín-tín á hù, ewédò yìí á máa mú afẹ́fẹ́ jáde fún àwọn kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí tí ó kù. Ní ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, oòrùn fúnra rẹ̀ á pa kòkòrò àrùn, ẹyin aràn á sì rì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni omi yóò fi rìn ín já. Kí ni ó ń náni? Ilẹ̀, katakata láti gbẹ́ ẹ, àti ènìyàn tí yóò máa gé koríko tí yóò sì máa kó ohun tí ó léfòó. Oòrùn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìpínlẹ̀ wo ní ayé ni kò sí oòrùn tí ó lè fi tọrọ gáfárà?

Ti ọkọ̀ tí ń fa ṣáláńgá rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Wọn á tẹ́ iyanrìn sórí òkúta wẹ́wẹ́, ọkọ̀ á tú ẹrù lé e, omi á sẹ̀ lọ sínú adágún, ìyókù á gbẹ lójú oòrùn. Bí ó bá gbẹ, tí ó sì pẹ́ tó kí ẹyin aràn inú rẹ̀ kú, ajílẹ̀ ni fún oko.

Ní Dakar ní ilẹ̀ Senegal, àjọ ìjọba wọn tí ń jẹ́ ONAS kọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní Cambérène, ní Niayes àti ní Rufisque. Awakọ̀ ń wọlé ní ọ̀sán gangan, ó ń san owó, ó ń tú ẹrù, ó ń lọ. Kò sí òkúta, kò sí òru. Ní Benin, létí Cotonou níbí, adágún ìgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ aládàáni kan gbẹ́ sí Ekpè ti wà láti ọdún 1994. Ìṣòro tiwọn ni pé ọkọ̀ tí ó ń wá pọ̀ ju agbára adágún lọ. Ẹ̀kọ́ ni fún wa: ẹni tí ó bá gbẹ́ ẹ kékeré nítorí kí owó má pọ̀, yóò tún un gbẹ́.

Ṣé òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n ni? Rárá o. Ní London ní ọdún 1853 sí 1854, onígbáméjì pa ju ènìyàn 10,000 lọ, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn kò mira. Àfi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1858, tí odò Thames rùn débi pé wọ́n ní láti fi oògùn apòórùn rẹ aṣọ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀, torí pé etí odò náà ni ilé náà wà. Láàárín ọjọ́ 18 péré, òfin ti jáde, owó ti jáde, Joseph Bazalgette sì bẹ̀rẹ̀ sí í ri páìpù. Ikú òṣìṣẹ́ kò tó láti jí wọn, òórùn imú ara wọn ni ó jí wọn. Àbùkù ibẹ̀ ni pé etí Ajílósùn kọ́ ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tiwa wà.

Àwọn kan á ní ìjọba ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹ kò rí i pé wọ́n ń fi katakata kó ilẹ̀ odò, wọ́n ń fi kọnkéré ṣe gọ́tà ńlá? A rí i. Ìyẹn wà fún àgbàrá, kí ó má wọlé, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gọ́tà kò wẹ ìgbẹ́ mọ́, ó kàn ń mú un yára dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni. Ní ọdún 1988, nígbà tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró ti Ítálì wá dà sí Kókó, gbogbo Nàìjíríà hó, ìjọba ológun sì dá àjọ FEPA sílẹ̀ lọ́dún náà láti máa ṣọ́ àyíká. Ìdọ̀tí àjèjì bí wa nínú tó bẹ́ẹ̀. Tiwa tí a ń dà lé àwọn ará ìsàlẹ̀ odò lórí, ta ni yóò hó sí i?

Ó kù síbì kan tí n kò lè fò. Àwa náà ń bẹ nínú rẹ̀. Mẹ́káníìkì wa ń da ọ́ìlì dúdú sílẹ̀. Awakọ̀ wa ń wa ọkọ̀ wọ inú odò láti fọ̀ ọ́. Àwọn tí ń fún gàrí ń jẹ́ kí omi ẹ̀gẹ́ ṣàn wọ odò, májèlé sì wà nínú omi yẹn tí ó ń pa ẹja. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ̀ka wa lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù kan ní pàákì kọ̀ọ̀kan fún ọ́ìlì dúdú, láìdúró de ẹnikẹ́ni. A ó lẹ́nu láti bá alága sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ tiwa bá mọ́ díẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe kò pọ̀. Kí wọ́n fi ilẹ̀ kan sọ́tọ̀, tí kò sí lókè ibi tí a ti ń fa omi mu, tí kò sì sí láàárín ilé, kí wọ́n gbẹ́ adágún síbẹ̀, kí ọkọ̀ lè máa tú ẹrù ní ọ̀sán. Kí ilé ìgbẹ́ tí ó ní omi wà ní pàákì kọ̀ọ̀kan àti ní Ọjà Ọba, kí wọ́n sì kọ iye owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ná lé e sára ògiri rẹ̀ kí gbogbo wa lè kà á. Kí ibi ìpẹran ní adágún tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má san ìtanràn ní ibi tí kò sí ilé ìgbẹ́. Kí àwọn tí ń fa ṣáláńgá ní ìbọ̀wọ́, bàtà, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwé ẹgbẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ti ìjọba nìkan, ti àwa ẹgbẹ́ ni, torí pé a ti fi wọ́n sílẹ̀ sí ìta fún ìgbà pípẹ́ jù.

A ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà kan. Ó wà lórí tábìlì akọ̀wé ẹ̀ka. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń já tíkẹ́ẹ̀tì kó àwọn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá, tuntun àti àtijọ́, kí a lè so wọ́n mọ́ lẹ́tà náà kí a tó gbé e lọ sí sẹkitéríàtì.